Ọ̀bẹ Tí Bàbá Mi Mú Bọ̀ láti Bọ́mà

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìjà mi, kó pe ohun ìjà kan ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ níṣojú mi. Mo ti bá olùdarí eré jà lórí ẹ̀, mo ti bá òṣèré jà, mo sì ti bá ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi ọkùnrin, jà. Ìjà ti ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Sùúrùlérè, kò jìnnà sí Ìpọ̀nrí, níbi tí mo ti ń yá àwọn tó ń ṣe fíìmù ní ohun èlò: aṣọ ṣọ́jà, bẹ́líìtì, ìbọn onígi, idà, fìlà ọlọ́pàá ayé ọjọ́un. Èmi fúnra mi ni mò ń gbẹ́ àwọn ìbọn náà. Àwọn èèyàn á wọlé, wọ́n á rí obìnrin tí irun orí rẹ̀ ti funfun, wọ́n á ní, "Màmá, ọ̀gá ńkọ́?" Màá ní, "Òun lẹ̀ ń wò yìí." Àwọn kan á tún wo ẹ̀yìn mi, bóyá ọkùnrin kan sá pamọ́ síbẹ̀.

Fíìmù ogun kan ló sọ mí di ẹni tó mọ ọ̀bẹ ẹnu ìbọn. Olùdarí náà ní kí n wá irú ọ̀bẹ tí ṣọ́jà máa ń fi sí ẹnu ìbọn, pé èyíkéyìí tí mo bá rí ni kí n kó wá, ọ̀bẹ ṣáà ni gbogbo ọ̀bẹ. Mo gbà á gbọ́, mo kó wọn lọ. Nígbà tó di pé kí wọ́n ya àwòrán, kò sí ẹyọ kan tó wọ ìbọn tó wà níbẹ̀. Sẹ́lótéèpù ni wọ́n fi so wọ́n. Bí ṣọ́jà kan bá sáré díẹ̀, ọ̀bẹ á já bọ́ sílẹ̀, gbogbo èèyàn á bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, inú sì bí mi, mo búra pé irú ẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ sí mi mọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀bẹ ẹnu ìbọn kì í ṣe odindi nǹkan. Ìdajì ni, ìbọn ni ìdajì kejì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdìmú rẹ̀ ni òrùka irin kan wà tí ẹnu ìbọn máa ń gbà kọjá. Ní ìdí ìdìmú, ihò tóóró kan wà tí irin kékeré abẹ́ ìbọn máa ń há sí. Bí òrùka bá fẹ̀ jù, ọ̀bẹ á máa mì. Bó bá kéré jù, kò ní wọlé rárá. Ẹ lè parọ́ fún èèyàn, ẹ lè parọ́ fún fọ́tò, ṣùgbọ́n òrùka yẹn ò gba irọ́. Ohun tó mú mi fẹ́ràn iṣẹ́ náà nìyẹn.

Bàbá mi lọ sí Bọ́mà nígbà ogun àgbáyé kejì, ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jagun, ó sì padà wálé. Lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ìjora títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó kọ́ ilé sí Múṣin, ó bí wa síbẹ̀. Ohun tó mú bọ̀ láti ogun kò ju àpá ńlá kan ní itan, kóòtù kan tí kò gbé ooru Èkó, àti ọ̀bẹ ẹnu ìbọn kan tó gùn tó apá ọmọdé. Kò pọ́n ọ̀bẹ náà rí. Ẹnu rẹ̀ kú, kò lè gé ṣàkì. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ náà ni bàbá mi fi máa ń fọ́ àgbọn fún wa ní ọ̀sán Sátidé, tí a ó fi mu gàrí. Á gbá àgbọn náà káàkiri pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á là sí méjì gẹ́lẹ́, omi rẹ̀ kò ní dànù. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ òórùn àgbọn, bàbá mi ni mo máa ń rí.

Bí a bá bi í léèrè pé níbo ló ti rí ọ̀bẹ náà, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Ọ̀rẹ́ mi ló fún mi. Kò gbọ́ èdè mi, èmi náà ò gbọ́ tiẹ̀." Kò tún ní sọ ohunkóhun mọ́.

Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́. Ìyá tó bí i, ará Ìjẹ̀bú tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ló kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ọjọ́ tí bàbá mi dé láti ogun, tó sọ pé ọ̀rẹ́ ló fún òun, ìyá náà ní, "Ta ló ń fi ọ̀bẹ ogun ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ? Ọmọ mi pa Jàpáànù ni. Ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni kò jẹ́ kó sọ ọ́." Àwọn ọmọ aládùúgbò bọ̀ láti ogun kan náà pẹ̀lú kóòtù lásán, tirẹ̀ mú ọ̀bẹ bọ̀. Ṣé ìyá wá lè dákẹ́? Òun ló ń ki oríkì ilé wa nígbà náà. Kò bi ẹnikẹ́ni, ó ki ìlà tuntun kan bọ inú oríkì: Ọmọ a-pa-Jàpáànù-gbọ̀bẹ-ẹ̀.

Ìlà yẹn dàgbà pẹ̀lú wa. Nígbà tí ìyá àgbà kú, àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Kékeré, gba oríkì kíkì náà. Bí a bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, á kì wá títí á fi dé ọ̀dọ̀ Jàpáànù, orí wa á sì wú. Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ràn ìlà mìíràn tó o. Ní ilé ìwé, ìlà yẹn ló fi ń lé àwọn tó fẹ́ lù ú sá. Ó máa ń fi àwọn àmì tí wọ́n gbẹ́ sára irin ọ̀bẹ náà han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀: "Ẹ ò rí i? Ìwé Jàpáànù nìyẹn." Ta ló mọ̀ nígbà náà pé irú ìwé kan náà ni àwọn ará Ṣáínà ń kọ, pé lọ́dọ̀ wọn gan-an ni Jàpáànù ti kọ́ ọ?

Kí bàbá mi tó kú, ó pè mí, ó ní kí n mú ọ̀bẹ náà. Mi ò kó o lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo wé e sínú aṣọ, mo tì í sínú àpótí ní yàrá mi. Ohun bàbá mi ni, kì í ṣe ọjà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà tí wòlíì fi dé.

Ẹ̀gbọ́n mi ni olórí ilé wa ní Múṣin báyìí. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ń gbé ní Yábàá, ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa, kò sì tíì lọ́kọ. Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi sùn. Ló bá pe wòlíì kan wá sílé kó wá gbàdúrà. Bí wọ́n ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Màmá Kékeré wọlé, ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ kí i, ló bá gbé oríkì lé e. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Jàpáànù, wòlíì náà gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ dúró! Kí lẹ wí yẹn?"

Màmá Kékeré tún un wí, ó tilẹ̀ fi ohùn dídùn kún un.

"Ẹ ti fi ẹnu ara yín sọ ọ́," wòlíì wí. "Ọmọ apààyàn ni yín. Ẹ̀jẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni ló dínà mọ́ ọmọ yín."

Ó ní kí wọ́n wá ọ̀bẹ náà jáde, kí wọ́n gbàdúrà lé e lórí, kí bàbá mi gba ìdáríjì lẹ́yìn ikú, kí wọ́n fọ́ ọ̀bẹ náà, kí wọ́n sì ju àfọ́kù rẹ̀ sínú ọ̀sà láti orí bíríjì Ìjora.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìlà tí ìyá àgbà fi yangàn ló wá di ẹjọ́ sí wa lọ́rùn.

Ẹ̀gbọ́n mi fóònù mi. "Àbúrò mi, gbé ọ̀bẹ Bàbá wá ní Sátidé." Mo bèèrè ìdí, ó sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ fi ń yangàn láti kékeré ló wá di ègún? Bàbá ní ọ̀rẹ́ òun ló fún òun. Ẹ ò gbọ́ nígbà tó wà láàyè, ẹ tún fẹ́ tọrọ ìdáríjì fún un lórí ohun tí kò ṣe?" Ó ní kí n má ṣe bá òun jiyàn, pé èmi ò ní ọmọbìnrin tó jókòó sílé. Mo pa fóònù náà.

Kò pẹ́ ni ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ pè. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Dádì. Bọ̀bọ́ tí mo wà pẹ̀lú ẹ̀, èmi ni mo ní kó jẹ́ ká ṣe é jẹ́jẹ́. Kí ló kan Jàpáànù nínú ọ̀rọ̀ èmi?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. Tí wọ́n bá ṣe àdúrà yẹn, orúkọ tí wọ́n á máa fi pe bàbá mi láti Sátidé lọ ni apààyàn, ní pálọ̀ tó fi owó rélùwéè kọ́.

Mo gbé ọ̀bẹ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ wò ó bí ẹni tó mọ iṣẹ́, kì í ṣe bí ọmọ tó ń retí àgbọn. Mo wo irin tó dábùú láàárín ojú ọ̀bẹ àti ìdìmú. Ti Jàpáànù sábà máa ń tẹ̀ ní ìsàlẹ̀ bí ìkọ́, ti bàbá mi sì gún gbọọrọ. Ọkàn mi sọ, ṣùgbọ́n mi ò tíì jẹ́ kí inú mi dùn, torí nígbà tí ogun le mọ́ Jàpáànù lọ́wọ́, àwọn náà rọ àwọn tó gún. Mo wá wọn òrùka. Ó fẹ̀ ju ti Jàpáànù lọ. Mo wọn ihò ìdí rẹ̀. Ó bá ìbọn kan mu tí àwọn ará Ṣáínà rọ nígbà náà, tí wọ́n wo ti Jámánì ṣe. Mo tún un wọ̀n. Mo lọ mu omi, mo padà wá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, sí àwọn ọkùnrin òkè òkun kan tí wọ́n ń kó irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ jọ. Ọ̀kan lára wọn ní Jàpáànù ni, kí n má da ara mi láàmú. Mo ní kó gbé ti Jàpáànù tó wà nílé rẹ̀, kó wọn òrùka rẹ̀, kó sọ iye tó rí fún mi. Ó ní òun ń lọ wọ̀n ọ́n. Láti ìgbà náà, mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Mo kà nípa ogun náà pẹ̀lú. Nígbà tí Jàpáànù lé àwọn ṣọ́jà Ṣáínà kúrò ní Bọ́mà, àwọn kan fẹsẹ̀ rìn gba inú igbó títí wọ́n fi dé Íńdíà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fún wọn ní ìbọn tuntun, ìbọn Amẹ́ríkà. Ìbọn Amẹ́ríkà ò sì gba ọ̀bẹ ilé wọn. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ yẹn, mo jókòó sílẹ̀. Íńdíà ni bàbá mi ti dùbúlẹ̀ pẹ́ ní ilé ìwòsàn ṣọ́jà, nítorí itan rẹ̀ yẹn. Mo rí ọkùnrin kan lójú ọkàn mi lórí ibùsùn kejì, tó ní ọ̀bẹ tí kò ní ìbọn mọ́, tó ń wo ọkùnrin dúdú kan tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Mi ò sí níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n mo sunkún níbi iṣẹ́ mi lọ́jọ́ náà, oníbàárà tó wọlé sì rò pé wọ́n jí nǹkan mi ni.

Mo mú ìwọ̀n lọ bá àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yí irin ní Múṣin. Mo ní kí wọ́n bá mi yí ẹnu ìbọn méjì, ọ̀kan ní ìwọ̀n ti Jàpáànù, ọ̀kan ní ìwọ̀n ti Ṣáínà, kí wọ́n sì jó irin kékeré abẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn bó ṣe yẹ. Mo gbẹ́ igi ìdí wọn fúnra mi. Mo tún ra àgbọn.

Ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tí mo wọlé, wọ́n ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì pálọ̀. Ìgò òróró wà lórí rẹ̀, òòlù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òróró. Òòlù yẹn ló bí mi nínú jù. Fọ́tò bàbá mi wà lára ògiri, wọ́n sì fẹ́ fọ́ ohun ìní rẹ̀ lábẹ́ ojú rẹ̀. Wòlíì jókòó sórí àga tí bàbá mi máa ń jókòó sí, ẹ̀gbọ́n mi wà lápá ọ̀tún rẹ̀, Màmá Kékeré ká jọ sórí àga kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì bí ẹni tó jẹ̀bi. Mo kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn. Wọ́n kọ́ mi nílé.

"Ọ̀bẹ náà dà?" ẹ̀gbọ́n mi bèèrè.

"Ó wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó fọ́ ọ, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa dán an wò."

Mo fa ìbọn méjèèjì yọ nínú àpò. Wòlíì sún sẹ́yìn lórí àga. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá Wòlíì. Igi ni. Kò lè pa òròmọdìẹ."

Mo gbé ti àkọ́kọ́ lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. "Ìwọ̀n ìbọn Jàpáànù nìyí. Ẹ fi ọ̀bẹ Jàpáànù yín sí i."

Ó ki òrùka bọ ẹnu irin náà. Ó wọlé, ṣùgbọ́n ó ń mì kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, bí ọmọ odó nínú odó. Ó tì í, ó yí i, ó tún un tì. Ìdí rẹ̀ kọ̀, kò há. Òógùn yọ lórí imú rẹ̀. "Bóyá ìwọ lo ò ṣe é dáadáa."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbìyànjú èyí."

Ó ki ọ̀bẹ bọ ti èkejì. Ó wọlé jẹ́jẹ́, ó rìn dé ìdí, ó sì dún: kẹ́! Ẹ̀gbọ́n mi fà á, kò yọ. Ó tún fà á, kò mì.

"Ti ta ni eléyìí?" ó bèèrè.

"Ti Ṣáínà."

"Ṣé kì í ṣe nǹkan kan náà ni?"

"Nǹkan kan náà kẹ̀! Jàpáànù ló ń pa àwọn ará Ṣáínà lọ bẹẹrẹ nígbà yẹn. Ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Ṣáínà wà, ọ̀dọ̀ tí Bàbá wà. Ará ogun kan náà ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ ni."

Wòlíì kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní, "Bóyá Jàpáànù ló gbà á lọ́wọ́ ará Ṣáínà, tí bàbá yín wá pa Jàpáànù gbà á."

"Ó ṣeé ṣe, Bàbá," mo wí. "Mi ò tiẹ̀ sọ pé bàbá mi ò pa ẹnikẹ́ni rí. Ogun ló lọ, kì í ṣe ìkómọjáde. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó sọ ibi tó ti rí ọ̀bẹ yìí, títí tó fi kú kò yí ọ̀rọ̀ padà, ọ̀bẹ náà ò sì já a nírọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irọ́ ló pa, ẹ̀yin ló kù tí ẹ máa mú ẹ̀rí wá. Tẹ́ ò bá ní, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé òòlù yẹn."

Ohùn mi ti lọ sókè. Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu láti bá mi wí. Màmá Kékeré ló dá a lẹ́kun.

"Ó máa ń dìde," ó wí.

A yíjú sí i.

"Bàbá yín. Bí mo bá ń kì í, tí mo fẹ́ dé ọ̀dọ̀ Jàpáànù, á dìde, á jáde lọ sẹ́yìnkùlé. Láyé ìyá wa, tí ìyá wa bá ń kì í, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń jáde. Ìyá ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Mo kéré, mo gbà bẹ́ẹ̀." Ó fi etí gèlè nu ojú. "Gbogbo ayé rẹ̀ la fi ń lé e jáde nílé ara rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi, torí mo rántí. Òótọ́ ni. Á dìde, á jáde, nígbà tó yá, a ó gbọ́ tí àgbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìnkùlé. Àwa ọmọdé á sáré tọ̀ ọ́ lọ, inú wa á dùn. A rò pé ebi ló ń pa á.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìbọn náà sílẹ̀ rọra. Ó wo fọ́tò ara ògiri pẹ́. Lẹ́yìn náà ló mú òòlù, ó fi í sábẹ́ àga. Wòlíì dìde, ó mú òróró rẹ̀, ó ní òun á máa fi ọmọ náà sínú àdúrà. Mo ní a dúpẹ́, kí Bàbá jókòó jẹ àgbọn ná. Ó wo ọ̀bẹ, ó wo àgbọn, ó jókòó, ṣùgbọ́n kò padà sórí àga bàbá mi.

Mo yọ ọ̀bẹ kúrò lẹ́nu ìbọn, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbá àgbọn náà káàkiri, ó là. Omi dànù díẹ̀, mi ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe tó bàbá mi. Mo bù fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Kékeré kó tó jẹ ẹ́, torí wọ́n ò tíì kì í parí láti ọjọ́ tí wòlíì gbọ́wọ́ sókè.

Màmá Kékeré gbé oríkì lé e. Ohùn rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ibì kan. Ó kì í láti Ìjẹ̀bú wá, ó kì í dé Èkó, ó kì í dé orí omi, ó dé etí ibi tí Jàpáànù máa ń wà. Ibẹ̀ ló ti dúró, ó mí sínú. Láìmọ̀, gbogbo wa ti wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé.

"Ọmọ a-rí-ọ̀rẹ́-lójú-ogun," ó wí. "Ọmọ a-fọ̀bẹ-ogun-fọ́-àgbọn."

Kò sí ẹni tó dìde jáde.